Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Ilé Kíkọ́: Ìwé-Ẹ̀rí Wo Ló Yẹ Kó Gbà?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ yọ ní ìpàdé wa láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ jẹun ni.

Bí ọmọ bá ti parí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, tàbí tó ti gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá tàbí ìyá rẹ̀ yóò tọ̀ wá wá. “Ẹ̀yin bàbá, ọmọ yìí fẹ́ràn iṣẹ́ bíríkìlà, ìwé wo ni kó lọ gbà?” Òmíràn á ní, “Wọ́n ní kí ọmọ mi lọ ṣe Trade Test, ẹlòmíràn ní NABTEB ló dáa, àbúrò mi tó wà ní Kaduna sì ní pólì ni kó lọ. Èwo ni ká mú níbẹ̀?” Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà níta kò ṣe déédéé. Àwọn kan á ní pólì ni kí gbogbo ọmọ lọ, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló dùn létí. Àwọn kan á ní ìwé kò wúlò fún oníṣẹ́ ọwọ́, kí ọmọ ṣáà máa tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀.

Èrò tiwa nìyí, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Fún ọmọ àlejò, iṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan kò tó. Fún ẹnikẹ́ni, ìwé nìkan kò tó. Kí ọmọ wa ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó sì ní ìwé tí ẹni tí kò mọ bàbá rẹ̀ rí yóò fi gbà á síṣẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ ọmọ àlejò? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n bí síhìn-ín, tí wọ́n bí bàbá wa síhìn-ín, tí a ń sọ Hausa bí ẹni ń jẹ iyán. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé ọmọ onílẹ̀, wọ́n á ní ká lọ gbà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin tàbí ní Iléṣà. Bí ọmọ tí a bí sí Jos bá sì dé ìlú bàbá rẹ̀, ará Òkè Ọya ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Bí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ bá yọ, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. A ò sọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn onílẹ̀ gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, a sì ti jọ ń jẹ, a jọ ń mu, a ti fẹ́ ọmọ ara wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwé-ẹ̀rí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kì í béèrè ìlú bàbá ẹni. Iyì tó ní ní Jos náà ló ní ní Èkó, ní Àbújá àti ní Port Harcourt.

Ìdí kejì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa kò gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní orílẹ̀-èdè Ghana fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Yorùbá tó fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀ kò kéré. Ní ọdún 2000, Kaduna gbóná. Ní ọdún 2001 àti 2008, ìlú Jos wa yìí náà gbóná. A rí ṣọ́ọ̀bù tó jó, a rí ọjà tó jó. A gbàdúrà kí irú rẹ̀ má wáyé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì wà nínú àpamọ́wọ́, ibikíbi tó bá balẹ̀ sí ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá jó ìwé ọ̀hún pàápàá, orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ tó fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàrin wa tó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà fún ọdún méje. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ilé tó mọ kò ní wíwọ́, bó bá rẹ́ ògiri tán, á máa dán bí dígí. Ilé-iṣẹ́ kan tó gba iṣẹ́ ńlá ń wá bíríkìlà, ó lọ. Wọ́n béèrè ìwé. Ó gbé ìwé òmìnira tí ọ̀gá rẹ̀ fún un sílẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ àwòrán ọ̀gá sí lápá kan, tí wọ́n tẹ tirẹ̀ sí apá kejì. Ẹni tó wà nídìí tábìlì wò ó, ó ní, “Ta ni ọ̀gá yìí?” Kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Lébìrà ni wọ́n gba ọmọ wa sí. Ẹlòmíràn tó ní Trade Test ni wọ́n gbà ní bíríkìlà, owó oṣù tiwọn kò sì dọ́gba. Kò pẹ́ tí fọ́ọ̀máànù bẹ̀rẹ̀ sí í pe lébìrà náà kó wá tún ibi tí bíríkìlà ti bàjẹ́ ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ó ń gba owó lébìrà. Ó dùn wá gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ rò ó, kí ni ẹni tó wà nídìí tábìlì ì bá fi mọ̀?

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò bú ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ìpìlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ìfaradà, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí a ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń ṣírò iye búlọ́ọ̀kù àti àpò sìmẹ́ǹtì tí yàrá kan yóò jẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé a kì í fi ìpìlẹ̀ sílẹ̀ láìmọ ilé lé e. Ìwé òmìnira jẹ́ ẹ̀rí láàrin ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó yẹ kí ọmọ tẹ̀ síwájú lọ gba èyí tí ayé mọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tó wọ inú iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà pọ̀, ó kù sọ́wọ́ ibi tí ọmọ ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Kí òbí tó náwó, kó kọ́kọ́ bi ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní: ṣé iṣẹ́ ọwọ́ gan-an lo fẹ́ máa ṣe, tàbí o fẹ́ máa darí àwọn tó ń ṣe é, tàbí o fẹ́ máa ya àwòrán ilé kí o sì máa ṣírò agbára rẹ̀? Èkejì: irú èsì wo lo ní nínú WAEC tàbí NECO, pàápàá nínú ìṣirò? Ẹ̀kẹta: ṣé ilé lè bọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún sí i, tàbí ó di dandan kí o máa mówó wálé lọ́dún yìí? Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìpurọ́ fún ara rẹ̀, ìdajì ọ̀nà ló ti rìn yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tó ti mọ iṣẹ́, tí kò ní WAEC, tàbí tó ní in ṣùgbọ́n tí èsì rẹ̀ kò dára. Trade Test ni tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló ń ṣe é. Bíríkìlà wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, púlọ́ńbà, akunlé, wẹ́dà àti àwọn tó ń fa wáyà iná sínú ilé, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Wọn yóò gbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún ọmọ kó ṣe é lójú wọn, wọn yóò sì bi í ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣì í mú, nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀: Grade III ni ìsàlẹ̀, Grade II ló tẹ̀ lé e, Grade I ni òkè. Ẹni tó bá gba Grade III kó má ṣe rò pé òun ti dé òkè nítorí pé ẹ̀ẹ̀ta ju oókan lọ. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba fi ń gba oníṣẹ́ ọwọ́, òun náà ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ńlá máa ń béèrè.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde JSS, tó sì ti hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀ ńkọ́? Kí a má fipá mú un jókòó sí kíláàsì ibi tí wọn yóò ti máa kọ́ ọ ní ohun tí kò fẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba wà. Ní Bukuru níbí, ọ̀kan wà nítòsí wa. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n yàn, wọ́n sì tún ń kọ́ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì àti àwòrán iṣẹ́ yíyà. Àjọ NABTEB, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Benin, ló ń ṣe ìdánwò ìkẹyìn fún wọn. Ìwé tí wọ́n ń gbà ni NTC. Àwa tí orí wa ti ń funfun yóò rántí pé City & Guilds láti London ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń ṣe láyé ọjọ́sí. Ọdún 1992 ni ìjọba dá NABTEB sílẹ̀ láti rọ́pò irú ìdánwò òyìnbó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ẹgbẹ́ ni NTC àti WAEC. Ọmọ tó bá ní kírẹ́díìtì tó yẹ nínú rẹ̀ lè bá a wọ pólì. Nítorí náà, ẹni tó ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ibi tí à ń da ọmọ olódo sí kò mọ ohun tó ń sọ. Ibẹ̀ lọmọ ti ń gba iṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń gba ìwé tó lè gbé e lọ síwájú.

Èyí tó jẹ́ tuntun létí ọ̀pọ̀ wa ni ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní NSQ. Àjọ NBTE, tó wà ní Kaduna láti ọdún 1977, ló ń bójú tó o. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé wọn kì í béèrè ibi tí o ti kọ́ iṣẹ́. Ohun tí o lè ṣe ni wọ́n ń béèrè. Olùyẹ̀wò lè bá ọmọ níbi iṣẹ́ rẹ̀, á máa wò ó bó ṣe ń ṣe é, ọmọ náà á máa kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ, fọ́tò àti àkọsílẹ̀, títí wọn yóò fi gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn pàápàá lè gbà á lórí ohun tó ti mọ̀, láìpadà lọ jókòó sí kíláàsì. Ẹ kíyè sí i pé òdìkejì Trade Test ni òǹkà rẹ̀. Ìpele 1 ni ìsàlẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ọlá ń ga. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ kó má jẹ́ kí wọ́n fi òun sí ìpele 1 pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kó sọ pé kí wọ́n yẹ òun wò ní ìpele tó bá agbára òun mu.

Pólì wá kù. Ọmọ tó fẹ́ máa darí iṣẹ́, tó ní kírẹ́díìtì, tí orí rẹ̀ sì gbé ìṣirò àti físíìsì, ibẹ̀ ni kó lọ. Ọdún méjì ni ND, ọdún kan níbi iṣẹ́, kó tó padà lọ lo ọdún méjì fún HND. Ọdún márùn-ún nìyẹn, bí kò bá sí ìdádúró. Kaduna Polytechnic kò jìnnà sí wa, ìpínlẹ̀ Plateau náà ní tirẹ̀ ní Barkin Ladi. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ ẹ̀kọ́ dáadáa. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ẹnjiníà ọ̀nà àti afárá, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó ń ṣírò owó iṣẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni ti àwọn tó ń ya àwòrán ilé. Kí ọmọ má kàn gba èyí tí wọ́n bá fún un nítorí pé orúkọ pólì wà lára rẹ̀. A mọ àwọn ọmọ tó ní ND lọ́wọ́, tí wọn kò lè to búlọ́ọ̀kù márùn-ún kó dúró gún. Bí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́, àwọn lébìrà a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ọmọ tó ń lọ sí pólì ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó lọ, tàbí kó máa fi ìsinmi rẹ̀ ṣe é.

Àwọn àjọ méjì kan wà tó yẹ kí a mọ ilẹ̀kùn wọn. NDE, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kó lọ kọ́ṣẹ́. ITF sì rèé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971. Inú ìlú Jos yìí gan-an ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn ènìyàn ń ti ìpínlẹ̀ míì wá síbẹ̀, àwa tí a wà nítòsí ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n bá kéde ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kí àwọn ọmọ wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù.

Àwọn kan yóò ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni a ti fi ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí láìní ìwé kankan.” Òótọ́ ni, a kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n ayé tí ẹ̀yin bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yàtọ̀. Nígbà náà, onílé fúnra rẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ wá. Ó mọ̀ yín, ó mọ ọ̀gá yín, ó ti rí ilé tí ẹ kọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lónìí, iṣẹ́ tó lówó lórí wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì, kò rí ilé tí ẹnikẹ́ni kọ́ rí. Ìwé ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo Àbújá àti Èkó, ibi tí àwọn oníṣẹ́ láti Benin àti Togo ti ń lẹ táìsì, tí onílé ń wá wọn kiri. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ló wà nínú wọn náà, a kò sì bínú sí wọn. Iṣẹ́ wọn tó mọ́ ló ń polówó wọn. Bí ọmọ tiwa bá fẹ́ bá wọn dọ́gba, àfi kó mọ iṣẹ́ débi pé ẹni tó bá dán an wò kò ní lè já a.

Ó tún ku ohun kan tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ìwé Saint Academy ní Busa Buji, nínú ìlú Jos yìí, wó lu àwọn ọmọ mọ́ kíláàsì. Ènìyàn 22 ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ilé náà kò lágbára, etí odò ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Ní Ìkòyí, ní Èkó, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún wó, ó pa ju ogójì ènìyàn lọ. Kì í ṣe bíríkìlà nìkan ló ń jẹ́ kí ilé wó. Onílé tó ń fi owó sìmẹ́ǹtì pamọ́ wà níbẹ̀, ẹnjiníà tí kò yọjú wà níbẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kan ilé gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀kọ́ ń fi kún iṣẹ́ níbí yìí. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rí ọ̀gá rẹ̀ tó ń po kọnkéré, sìmẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń po ó. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ yóò dín kù, bó tilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dà? Ta ló sọ fún un pé ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń wọn agbára kọnkéré, àti pé bí a kò bá bomi rin ín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò ní lágbára tó bó ṣe yẹ? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn Jos, tí ọyẹ́ ń fa omi kúrò nínú ohun gbogbo, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ọmọ tó kọ́ ọ tán, tó sì mọ ìdí rẹ̀, yóò lè sọ fún onílé pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ ká tú pákó yìí lónìí, kò tíì gbó.” Bó bá sì rí irin tín-tìn-tín níbi tí àwòrán ti ní kó nípọn, yóò mọ̀, nítorí pé ó lè ka àwòrán. Ìmọ̀ yìí ń gba ẹ̀mí là.

Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti níyì báyìí, àwọn oníjìbìtì kò ní ṣàì wá. Kí òbí tó sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kó béèrè bóyá NBTE fọwọ́ sí i. Kó má sì tẹ́ ẹ lọ́rùn pé wọ́n fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ gan-an ni kó béèrè, nítorí pé wọ́n lè fọwọ́ sí ọ̀kan kí wọ́n má fọwọ́ sí èkejì nínú ọgbà kan náà. Ẹni tó bá ní òun lè bá ọmọ gba Trade Test láìjẹ́ pé ọmọ fojú kan ibi ìdánwò, olè ni. Ìwé tí a rà yóò dójú ti ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ tún fojú sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn ọmọ wa, Ṣẹ́gun ni wọ́n ń jẹ́ nílé, Samuel ni wọ́n ń jẹ́ ní ilé-ìwé, orúkọ mìíràn tún wà lórí NIN. Lọ́jọ́ tí wọn yóò fi ìwé wọ̀nyí wá iṣẹ́, wàhálà dé. Orúkọ kan náà, bí a ṣe ń kọ ọ́ kan náà, ni kó wà lórí gbogbo ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Ilé kíkùn, táìsì lílẹ̀, wáyà iná fífà, àwòrán yíyà, kò sí èyí tí ọmọbìnrin kò lè ṣe nínú wọn. Ọwọ́ obìnrin a máa balẹ̀ nídìí iṣẹ́ tó gba sùúrù. Bí ọmọ yín obìnrin bá ní iṣẹ́ yìí lòun fẹ́, ẹ má fi ẹ̀rín lé e padà sídìí ìsọ̀.

Kí wá ni ẹgbẹ́ wa lè ṣe? Kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀, kí a mọ ẹni tó ní ìwé àti ẹni tí kò ní. Lọ́dọọdún, kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí a fi ń ṣe àjọ̀dún, kí a fi san owó ìdánwò fún bí ọmọ mélòó kan tí òbí wọn kò lágbára. Aṣọ ẹbí ọdún kan yóò gbó, ìwé ọmọ kò ní gbó. Kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa máa kéde ọjọ́ ìdánwò bí wọ́n ṣe ń kéde ìgbéyàwó. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin la ń bẹ̀ jù. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá ní òun fẹ́ lọ ṣe Trade Test, ẹ má rò pé ó fẹ́ sá lọ. Ẹ fún un láyè ọjọ́ méjì náà. Ọmọ tó bá gba ìwé láti ọ̀dọ̀ yín, orúkọ yín ló ń gbé kiri. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ gba tiyín. Ọ̀gá tó ní ìwé ni òbí yóò fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn bàbá wa bá rélùwéè àti iṣẹ́ kùsà wá sí ilẹ̀ yìí. Ọjà títà àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́ wa. Wọn kò ní ìwé ọmọ onílẹ̀, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn pe ọmọ rẹ̀ jókòó, kó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́, kó lọ bi ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà tí ìdánwò tó ń bọ̀ yóò wáyé. Ẹni tó ṣì kéré, ẹ mú un lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọlọ́run yóò wo àwọn ọmọ wa, yóò fún wọn ní iṣẹ́ tí kò ní dójú tì wọ́n, yóò sì jẹ́ kí ilé tí wọ́n bá kọ́ dúró. Àmín. Ire o.